Tamílọ́rẹ àti Ọkùnrin Ìdí Ìléru

Orí àkàbà ni Tamílọ́rẹ wà nígbà tó kọ́kọ́ fojú kan Afọlábí, díẹ̀ báyìí ló sì kù kó já bọ́ sílẹ̀.

Ó ń so òdòdó Kérésìmesì tó fi ikó ọ̀pẹ àti àgékù ańkárá hun mọ́ ògiri yàrá ìgbàlejò ilé iṣẹ́ kan ní Sángo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Lójijì ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ooru rọ́ wọlé bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó, ọkùnrin gíga kan sì jáde láti inú ooru náà. Èéfín ti pa á láró láti orí dé ẹsẹ̀. Ìtapàrà iná ti dá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lu wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Eyín àti ẹyinjú nìkan ló funfun lára rẹ̀. Tamílọ́rẹ figbe ta, àkàbà sì mì.

"Ẹ rọra, mádàámù! Èèyàn ni mí o, kì í ṣe iwin." Ọkùnrin náà ti fò mọ́ ẹsẹ̀ àkàbà, ó dì í mú. "Omi ni mo wá mu. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti gbé arẹwà kọ́ sára ògiri wa."

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Tamílọ́rẹ kò lè rẹ́rìn-ín. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, kì í sì í ṣe torí pé ó fẹ́ ṣubú. Òórùn ara ọkùnrin náà ló gbọ́: òórùn irin gbígbóná àti epo tó jóná. Òórùn bàbá rẹ̀ nìyẹn. Kò gbọ́ ọ mọ́ láti kékeré, láti ọjọ́ tí bàbá náà jáde lọ síbi iṣẹ́ irú èyí tí kò sì wálé mọ́.

Ilé títò ni iṣẹ́ Tamílọ́rẹ. Bí ẹrù bá ti kún ilé ẹnì kan débi pé àlejò ò rí ibi jókòó, òun ni wọ́n ń pè. Á yọ ohun tí kò wúlò kúrò, á wá àyè fún èyí tó wúlò, á kun ògiri, á rán kọ́tìnì, onílé á wá wọlé, á ní ṣé ilé òun náà rèé. Bí ọdún bá ń sún mọ́lé, ì báà jẹ́ Kérésìmesì, ì báà jẹ́ Iléyá, a máa hun apẹ̀rẹ̀, a máa da àbẹ́là olóòórùn dídùn, a máa rán pílò kéékèèké, á sì dì wọ́n pọ̀ ní ẹ̀bùn. Ilé iṣẹ́ irin yìí ló ní kó bá àwọn ṣe apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn fún ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ àwọn. Ìyá rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fún ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Ìyànà Ìyẹsí, ti kìlọ̀ fún un pé, "Ẹnu géètì ni kó o ti gbé e fún wọn. Má wọ ibẹ̀."

Ó wọ ibẹ̀. Nígbà tó sì ń jáde lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tó wọ bùbá funfun, dúró lẹ́bàá géètì.

"Ẹ ò dá mi mọ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Iwin àárọ̀ ni. Afọlábí lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi to yàrá mi ní Ojú Ore? Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìkirè wá bá mi ṣọdún."

"Kí ló wà nínú yàrá náà?"

"Ẹní kan, ike omi kan, àti èmi."

"Kí wá ni mo fẹ́ tò níbẹ̀?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tamílọ́rẹ. Ó gbà láti wá.

Yàrá náà ṣófo lóòótọ́. Tamílọ́rẹ kùn ún ní àwọ̀ òféèfèé, ó fi pákó àpótí ẹrù kan pẹpẹ mọ́ ògiri, ó rán kọ́tìnì, ó fi ike omi pamọ́ sẹ́yìn aṣọ títa kan. Afọlábí ń nawọ́ ìṣó sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fàlílù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ìléru kan náà, àti Fáìzàh ìyàwó Fàlílù, ń gbé yàrá tó kángun sí tirẹ̀. Àwọn méjèèjì a máa wá yọjú.

Nígbà tí Tamílọ́rẹ parí iṣẹ́ tó lọ, Afọlábí pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì pé pẹpẹ ti já. Ó wá, ó tún un kàn. Kò pẹ́, ó tún já.

"Tamílọ́rẹ," ni Fàlílù sọ láti ẹnu ọ̀nà, "má da ara ẹ láàmú. Ọ̀rẹ́ mi ló ń fi ọwọ́ yọ ìṣó. Mo rí i lánàá."

Afọlábí kò lè gbójú sókè. "Pẹpẹ náà ló sọ pé òun fẹ́ rí ọ," ló wí, ìyẹn sì ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ kúrò lórí "yín" tó bọ́ sórí "ọ".

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ ti ń dàgbà ni ẹ̀rù ń dàgbà nínú Tamílọ́rẹ. Àpá iná kéékèèké wà ní apá Afọlábí méjèèjì. Nígbà tó bi í léèrè, ó ní, "Ìléru ló ń jowú rẹ, ló ń já mi jẹ." Tamílọ́rẹ kò rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá já irin sílẹ̀ lójú títì, òun á ti fò dìde kí etí rẹ̀ tó mọ ohun tó jẹ́. Ó ní kí Afọlábí máa pe òun bó bá ti jáde níbi iṣẹ́, ó sì ń pè é lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan tí fóònù ọkùnrin náà kú, Tamílọ́rẹ fi kọ́tìnì oníkọ́tìnì sílẹ̀ láàbọ̀, ó gun ọ̀kadà dé ẹnu géètì. Ọ̀ṣìnúbí, bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ní kó jókòó. Kò lè jókòó. Nígbà tí Afọlábí jáde pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ṣe ni Tamílọ́rẹ fi ìkúùkù lù ú láyà, tó sì ń sunkún.

"Ìwọ náà! Kí ló lè ṣe mí?" ni Afọlábí wí.

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá mi náà a máa sọ bẹ́ẹ̀."

Títí oṣù fi ń lé oṣù, kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tó sọ, ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo.

"Ọmọ ibo ni?"

"Ọmọ Ìkirè, Mà. Ó níwà. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Mo gbọ́. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Tamílọ́rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹ̀wà.

"Mo ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Irin ni wọ́n ń yọ́, Mà."

Ọwọ́ ìyá náà dúró nínú ẹ̀wà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá nígbà tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba ọmọ.

"Bàtà bàbá rẹ ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kò sí nǹkan míì tí àwọn lè kó fún mi. Bàtà ni mo sin, Tamílọ́rẹ. Mo wẹ bàtà, mo fi aṣọ funfun wé e, mo sin ín. O fẹ́ kí n bá ọ wẹ bàtà ọkọ tìrẹ náà? Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná."

Tamílọ́rẹ sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ìyá kò yí. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè fi Afọlábí sílẹ̀. Ó ń lọ rí i ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rù ìyá rẹ̀ àti ẹ̀rù ìléru sì jọ ń bá a rìn.

Kérésìmesì míì dé tán. Ilé iṣẹ́ tún ní kó ṣe apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn bíi ti èṣí. Ọ̀sán gangan ni, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sángo, ó ń fi rìbọ́ọ̀nù pupa di ọrùn àwọn apẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mì. Ìró náà tẹ̀ lé e: gbòòò! bí ẹni pé òrùlé ayé ya. Ìgò àbẹ́là bọ́ láti orí pẹpẹ, ó fọ́. Gbogbo àdúgbò dákẹ́, àfi ajá kan tó ń hu.

Tamílọ́rẹ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ti mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

Èrò ti kún ẹnu géètì. Èéfín dúdú ń gòkè láti ẹ̀yìn ilé. Àwọn obìnrin ń pe orúkọ ọkọ wọn. Ẹnì kan ní sìlíńdà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀ ló wà láàárín àlòkù irin tí wọ́n dà sínú iná, pé kò sẹ́ni tó rí i. Ọ̀ṣìnúbí di géètì mú, ó ń sunkún, ó ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́." Ọwọ́ kan bọ́ sínú ọwọ́ Tamílọ́rẹ. Fáìzàh ni. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Àwọn méjèèjì ló wà níbi iṣẹ́," ni Fáìzàh ń wí. "Àwọn méjèèjì ni. Ya Allah. Àwọn méjèèjì ni."

Wọ́n dúró. Mi ò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó; àwọn pàápàá ò lè sọ. Wọ́n ń gbé èèyàn jáde níkọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù obìnrin ń na ọrùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Afọlábí jáde. Apá òsì rẹ̀ ti jóná láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó sì ń jà mọ́ àwọn tó gbé e, ó fẹ́ padà sẹ́yìn.

"Fàlílù wà nínú ilé! Ẹ jẹ́ n lọ! Fàlílù wà nínú ilé!"

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn Tamílọ́rẹ lásìkò náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbàgbé e. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ayọ̀ ńlá sọ nínú rẹ̀ pé kì í ṣe tòun, kì í ṣe tòun, nígbà tí ìka ọwọ́ Fáìzàh ṣì wà láàárín ìka tirẹ̀. Kó tó wo ẹ̀gbẹ́, ìka náà ti ń yọ́ kúrò. Fáìzàh ti dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn.

Fàlílù kò jáde láàyè.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé apá Afọlábí. Tamílọ́rẹ dúró sí ìdí ìbùsùn, kò jókòó.

"Mi ò lè ṣe é, Labí. Mo dúró lẹ́nu géètì yẹn, mo rí ìyá mi. Mo rí ara mi."

Afọlábí wo òkè àjà. "Mi ò bá ọ wí."

"Bó o bá bá mi wí, ì bá sàn."

"Mi ò bá ọ wí, olólùfẹ́ mi. Máa lọ."

Ó lọ. Ó so òdòdó mọ́ ilé àwọn ẹlòmíì lọ́dún náà, kò so ọ̀kankan mọ́ tirẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Fáìzàh ránṣẹ́ pè é. Ó wà nínú opó, kò lè jáde. Yàrá rẹ̀ rí bí Fàlílù ṣe fi í sílẹ̀: ṣòkòtò lórí ìṣó, fìlà lórí àga, búrọ́ṣì ìfọyín nínú ife.

"Àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ̀ wá kó ẹrù," ni Fáìzàh wí. "Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan. Bá mi tò ó."

Tamílọ́rẹ kò tíì ṣe iṣẹ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ká aṣọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ká aṣọ ọmọ ìkókó. Àwọn tí Fáìzàh fẹ́ fi tọrẹ, ó dì wọ́n lọ́tọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan tí Fáìzàh ò lè yọ̀ǹda, ó gé e, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó fi rán pílò. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ọdún tó ṣe fún ilé Fàlílù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ iná yẹn, kò tíì rí ojú tí yóò fi gbé e fún Fáìzàh.

Fáìzàh ń wo abẹ́rẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀. "Ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo kọ́kọ́ kọ̀ fún un? Torí iṣẹ́ yìí ni. Mo ní kó lọ wá iṣẹ́ míì kí n tó fẹ́ ẹ. Ó ń wá a, kò rí i, mo sì ń wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi. Ó pẹ́, Tamílọ́rẹ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbà." Ó gba pílò náà, ó gbé e sí imú. "Wọ́n rò pé ọjọ́ tó kú ni mò ń sunkún lé lórí. Ìgbà tí mo fi dá a dúró yẹn ni mò ń wá. Ẹ̀rù kò gbà á lọ́wọ́ ikú fún mi. Ọwọ́ èmi ni ẹ̀rù ti gbà á."

Tamílọ́rẹ jáde síta láti gba atẹ́gùn. Ilẹ̀kùn yàrá Afọlábí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó gbọ́ ohùn kan nínú rẹ̀, ó sì dúró. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

"Mi ò wá bá ọ jà," ni ìyá náà ń wí. "Mo se oúnjẹ wá nítorí ọmọ ẹlòmíì ni ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o ṣèlérí fún mi. Bí ọmọ mi bá padà wá síbí, kó o lé e. Yóò padà wá, mo mọ̀ ọ́n."

Afọlábí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ẹ̀rù iná. Kì í ṣe láti ọjọ́ yẹn. Ó ti ń bà mí láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń wọ ìbọ̀wọ́ láàárọ̀, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n, màá wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí àwọn yòókù má baà rí i. Fàlílù nìkan ló mọ̀. Mi ò sọ fún Tamílọ́rẹ rí. Mo rò pé bó bá mọ̀, kò ní lè fẹ́ mi. Wọ́n ti ní kí n padà wá síbi iṣẹ́. Mo dé ẹnu géètì lánàá, Mà. Mo bì. Mi ò lè wọlé."

Nǹkan bàbàrà ló wá ṣẹlẹ̀: ìyá Tamílọ́rẹ bú sẹ́kún. Ẹkún tí kò sun níṣojú ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tó ti sin bàtà, ó sun ún níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

"Ọkọ mi a máa súfèé," ló wí nígbà tó rí ohùn. "Láràárọ̀. Á máa súfèé jáde nílé bí ẹni ń lọ síbi ìyàwó. Kò sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ẹ̀rù ń ba òun. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá ní ká lọ máa ta ẹ̀wà. Ǹ bá ní ká padà sóko. Kò sọ ọ́, mo sì rò pé kò sí nǹkan kan."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Dákẹ́. Ìwọ sọ ọ́ ní tìrẹ." Ó nu ojú. "Ọkùnrin tó bá lè sọ ọ́, a lè bá a wá ọ̀nà. Má padà síbẹ̀. Ṣé o gbọ́? Kí ebi pa ọ́, má padà síbẹ̀."

Ibẹ̀ ni Tamílọ́rẹ ti ti ilẹ̀kùn wọlé. Afọlábí dìde, ó dì mọ́ pẹpẹ. Apá rẹ̀ ti ń jinná, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ti ká bí ewé gbígbẹ. Tamílọ́rẹ fi ìka kàn án, láti èjìká títí dé ọrùn ọwọ́. Kò sá fún àpá náà.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀."

"Ọkàn mi ò balẹ̀ rí, Labí. Mo rò pé èmi nìkan ló ń bẹ̀rù. Ìyẹn ló ń pa mí."

"Tó bá jẹ́ pé a jọ ń bẹ̀rù ńkọ́?"

Ìyá Tamílọ́rẹ gbé abọ́ oúnjẹ. "Kí ẹ kọ́kọ́ jẹun ná," ló wí, ó sì bu ti àwọn méjèèjì sínú àwo kan.

Afọlábí kò padà sí ìdí ìléru. Ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Àbáyọ̀mí, ọkùnrin kan tó ń rọ géètì àti bẹ́ẹ̀dì onírin ní Àtàn-Ọ̀tà. Iná kékeré náà ni, àmọ́ iná ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Tamílọ́rẹ lọ jókòó tì í, ó ń hun apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bí iná bá ta pàrà, àwọn méjèèjì a fò. Lẹ́yìn náà wọ́n á wo ara wọn.

Wọ́n dúró kí Fáìzàh parí opó rẹ̀ kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Tamílọ́rẹ ló ṣe ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́ṣọ̀ọ́ fúnra rẹ̀: imọ̀ ọ̀pẹ tútù ní ẹnu ọ̀nà, òdòdó ikó ọ̀pẹ lára àga, àbẹ́là tí kò tan ọ̀kankan nínú wọn. Kò ṣàlàyé ìdí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ̀ mọ̀.

Wọ́n dúró níwájú pásítọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Afọlábí bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí, nígbà tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan bẹ́ lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Gbàù!

Àwọn èrò fò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kan ara wọn lápá. Ẹni mẹ́rin ni kò rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ìyá Tamílọ́rẹ ti dìde dúró láìmọ̀. Fáìzàh ti fọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó ti di apá ọkọ mú, apá tó jóná yẹn, ó dì í mú pinpin. Ọkọ náà ti fi ara rẹ̀ bo ìyàwó bí ẹni tó ń bo fìtílà fún atẹ́gùn.

Pásítọ̀ dúró. Ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó pa ìwé dé díẹ̀, kò kán wọn lójú.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?" ni Afọlábí bi í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ó ń bà mí."

"Èmi náà."

Ó yíjú sí pásítọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nínú ọwọ́ Tamílọ́rẹ.

"Mo gbà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹnu ọ̀nà.